Ojú Ẹ̀gbẹ́ Lára Ìbọn Ráífù: Bí A Ṣe Ń Dè É àti Bí A Ṣe Ń Mú Un Bá Ọta Mu

Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ, níbi ìdíje ìbọn kan lẹ́bàá ìlú Houston, mo gbé ìbọn mi jáde nínú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ sí láti nǹkan bí wákàtí kan. Kí n tó rìn dé orí ìlà, awò orí rẹ̀ ti funfun báláú. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ Texas ló pàdé gíláàsì tútù tó di omi. Mo fi etí ẹ̀wù nù ún, ó tún bò. Adájọ́ tó dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú aago lọ́wọ́ bi mí bóyá mo ti ṣe tán. Ojú irin kékeré méjì, tí a ń pè ní ojú ẹ̀gbẹ́, wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ìbọn náà, mo ti rà wọ́n láti bí oṣù mẹ́rin. Mo yí ìbọn, mo fojú sun bébà tó wà ní yáàdì 10, mo yìn ín. Ọta fò ó, ó wọ bébà funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí a kì í yìn, tó jẹ́ pé àmì 10 ni wọ́n ń yọ lórí ìhò kan. Mo tún yìn, ó tún wọ ibẹ̀. N kò fi ojú irin yẹn yìn rí láti ọjọ́ tí mo ti dè é mọ́ ìbọn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣàkíyèsí ìbọn àwọn ará wa tí a jọ ń lọ sí pápá, ohun kan náà ni mo sì ń rí. Wọ́n ra ojú ẹ̀gbẹ́, wọ́n dè é, ó wà níbẹ̀. Bí mo bá bi wọ́n pé yáàdì mélòó ni wọ́n mú un bá ọta mu, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Mo fẹ́ràn ojú ẹ̀gbẹ́, mo sì gbà pé ó yẹ lórí ìbọn tó bá nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a kò tíì mú bá ọta mu kò yàtọ̀ sí irin lásán tí a so mọ́ ìbọn kí ó lè wúwo sí i.

Ìbọn ráífù tí a mọ̀ látijọ́ ní ojú méjì. Ojú iwájú jẹ́ igi irin kékeré nítòsí ẹnu ìbọn. Ojú ẹ̀yìn jẹ́ ihò tàbí àlàfo nítòsí ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sinmi. Ayìnbọn á gba ti ẹ̀yìn wo ti iwájú, á sì gbé ti iwájú lé ohun tó fẹ́ yìn. Lóde òní, awò ló gba orí ìbọn, pàápàá lórí AR-15 tí ọ̀pọ̀ ń lò ní Amẹ́ríkà. Awò a máa fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni, èyí sì dára púpọ̀ fún bébà tó wà ní yáàdì 300. Ṣùgbọ́n ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́fà wo bébà tó wà ní yáàdì 5. Kìkì àwọ̀ páálí tó ṣú bàìbàì ni ẹ ó rí, ẹ kò sì ní mọ̀ bóyá àárín rẹ̀ lẹ ń wò tàbí etí.

Àwọn kan a máa fi ojú irin tó ń ká sílẹ̀ sábẹ́ awò, kí wọ́n lè nà án dìde bí awò bá bàjẹ́. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ fún awò alámì pupa tí kì í fa nǹkan súnmọ́ni, nítorí pé a lè gba inú gíláàsì rẹ̀ wo ojú irin. Awò tó ń fa nǹkan súnmọ́ni kò gba bẹ́ẹ̀. Ó dí ojú ọ̀nà pátápátá, ẹ sì gbọ́dọ̀ tú u kúrò kí ẹ tó rí ojú irin lò. Ibi tí ojú ẹ̀gbẹ́ ti wúlò nìyẹn. Ẹ fi ẹ̀yìn ìbọn wé ojú aago, kí awò wà ní aago méjìlá: àárín aago kan sí méjì ni ojú ẹ̀gbẹ́ máa ń wà fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ní ìdágẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n 45. Ẹ kò tú nǹkan kan, ẹ kò ká nǹkan kan. Ẹ kàn yí ìbọn díẹ̀ sí òsì, ojú náà á sì bọ́ síwájú ẹyinjú yín.

Èrò yìí kì í ṣe ti àná. Ìbọn Bren tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé lọ jà ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn ọmọ Yorùbá sì wà láàárín wọn, orí rẹ̀ ni mágásíìnì ń wọ̀ sí. Mágásíìnì náà ìbá dí ojú, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n gbé ojú rẹ̀ sí. M1 Garand ti Amẹ́ríkà náà, láti òkè ni a ti ń ki ọta bọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n gbé irú èyí tí wọ́n ń pè ní M1C àti M1D jáde ní 1944 fún àwọn tó ń yìnbọn láti òkèèrè, awò ni wọ́n sún sí òsì, wọ́n sì fi ojú irin sílẹ̀ láàárín. Ohun tó mú un rọrùn fún àwa ará ìlú ni réélì Picatinny, irin oníyàrà tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n kan ṣoṣo ní 1995. Láti ìgbà náà, ohun tí ẹni kan ṣe máa ń wọ orí ìbọn tí ẹlòmíràn ṣe.

Eré ìbọn mẹ́ta ló sọ ojú ẹ̀gbẹ́ di gbajúmọ̀. Nínú eré náà, ẹnì kan ṣoṣo máa ń lo ráífù, ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn kátíríìjì, ó sì ń sáré láti ibì kan dé ibòmíràn. Ní ìsọ̀rí tí ọ̀pọ̀ èèyàn wà, awò kan ṣoṣo ni òfin gbà lórí ráífù, ṣùgbọ́n ojú irin kì í ṣe awò. Ẹni tó fi awò sí ìlọ́po mẹ́fà nítorí irin tí a ń yìn tó wà lókèèrè kò ní láti tún un yí sí ìlọ́po kan nígbà tí bébà mẹ́ta bá yọ sí i ní yáàdì 7. Ó kàn yí ìbọn ni. Ẹ ka ìwé òfin ìdíje tí ẹ ń lọ kí ẹ tó ra ohunkóhun, nítorí bí ẹ bá fi awò kékeré alámì pupa sí ẹ̀gbẹ́ dípò ojú irin, ó lè gbé yín lọ sí ìsọ̀rí àwọn tí ohun gbogbo tọ́ fún, àwọn tó sì yára jù wà níbẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kì í ṣe gbogbo ìbọn ló nílò rẹ̀. Bí awò yín bá jẹ́ ti àmì pupa tí kì í fa nǹkan súnmọ́ni, ojú irin tó ń ká sílẹ̀ tó. Ẹni tó ń jókòó sórí igi retí àgbọ̀nrín kò nílò rẹ̀. Ẹni tí awò rẹ̀ kì í kúrò ní ìlọ́po mẹ́rin, òun gan-an ló nílò rẹ̀ jù. Ẹni tí awò rẹ̀ ń ti ìlọ́po kan lọ sí mẹ́fà wà láàárín. Ó wúlò fún un nínú ìdíje, ó sì wúlò lọ́jọ́ tí òjò, kùrukùru tàbí ẹrẹ̀ bá bo gíláàsì. Ọ̀rọ̀ ojú tún wà ńbẹ̀. Ẹni tó ti kọjá 40 ọdún tó ń na ìwé jìnnà kí ó tó rí i kà, ojú iwájú máa ń ṣú fún un. Fún irú wọn, awò kékeré alámì pupa ní ẹ̀gbẹ́ sàn ju ojú irin lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bátìrì rẹ̀ lè kú.

Ọ̀rọ̀ òfin kò gbọdọ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà àlejò, ti ọmọ ilé-ìwé tàbí ti iṣẹ́, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á láyè láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi àwọn àyọkúrò díẹ̀ bíi níní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tó ní green card kò sí lábẹ́ ìdènà yẹn. Mo ti rí ọmọ ilé-ìwé tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè wá sí pápá láìmọ̀, ọkàn mi kò balẹ̀ títí ó fi padà sínú ọkọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò kí ẹ tó fọwọ́ kan ìbọn. Ní Britain, láti 1988 ni òfin ti fòpin sí ráífù olọ́ta ńlá tó ń ki ara rẹ̀, ti .22 nìkan ló kù fún irú eré yìí, pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ní Nàìjíríà, kò sí ẹni tó lè ní ìbọn láìgba àṣẹ. Ẹ má sì di awò ìbọn sínú àpótí tí ẹ ń gbé lọ sílé. Òfin Amẹ́ríkà ń ṣọ́ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń jáde.

Dídè é mọ́ ìbọn

Ẹ yọ mágásíìnì, ẹ fa ọwọ́ tí a fi ń ki ìbọn sẹ́yìn, ẹ wo inú ibi tí ọta ń wọ̀ sí, ẹ fi ìka kàn án, kí ẹ sì gbé gbogbo ọta kúrò nínú yàrá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú irinṣẹ́.

Ojú ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sí ìparí réélì lẹ́yìn, ojú iwájú kí ó sì jìnnà sí i tó bí ó ti lè ṣeé ṣe. Bí méjèèjì bá ṣe jìnnà síra tó ni àṣìṣe ojú ṣe ń kéré tó. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé orí ìdìmú iwájú ni ojú iwájú máa ń wà, ìdìmú náà kì í sì í ṣe ara kan náà pẹ̀lú ara ìbọn. Ẹ dì í mú, ẹ gbìyànjú láti mì ín. Bí ó bá mì, ẹ tún un dè kí ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ, nítorí ìdìmú tó ń mì á máa gbé ojú iwájú kiri.

Ẹ ti ojú náà síwájú nínú yàrà réélì títí yóò fi kan irin, kí ẹ tó de síkúrù. Bí ìbọn bá ń tanni sẹ́yìn, ohun tó ti sinmi lé irin kò ní rí ibi sún sí. Ẹ de síkúrù dé ìwọ̀n tó wà nínú ìwé tó bá a wá, kí ẹ sì fi kútẹ́ẹ̀sì pupa fa ìlà tín-ín-rín láti orí síkúrù dé orí irin. Lọ́jọ́ tí síkúrù bá tú díẹ̀, ìlà náà á já sí méjì, ẹ ó sì rí i láìlo irinṣẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ gbé ìbọn sí èjìká, ẹ yí i, ẹ wò ó. Lára àwọn ohun tó máa ń dí ojú ẹ̀gbẹ́ ni tọ́ọ̀ṣì tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún níwájú, bọ́tìnnì ńlá ẹ̀gbẹ́ awò, àti ọ̀pá kékeré tí a fi ń yí ìlọ́po awò. Èyí tó kẹ́yìn yìí lè tan yín. Ó lè kúrò lójú ọ̀nà nígbà tí awò wà ní ìlọ́po kan, kí ó sì wá dúró gangan síwájú ojú ẹ̀yìn bí ẹ bá yí i dé mẹ́fà. Ẹ yí awò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ sì máa wò ó.

Àǹtí kan nínú ẹgbẹ́ wa, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, gbé ìbọn wọn wá bá mi lẹ́yìn tí ilé ìtajà kan ti bá wọn de ojú ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí, ìgbọ̀nwọ́ mi ń wọnú egungun ìhà mi." Mo wo bí wọ́n ṣe dúró. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wọ́n bá wọn gbé ojú náà sí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn. Bí wọ́n bá yí ìbọn sí òsì, ìgbọ̀nwọ́ òsì wọn á há mọ́ ìhà, ọrùn ọwọ́ wọn á sì tẹ̀ kọdọrọ. Ojú náà kò tilẹ̀ ṣeé gbé sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n ní láti dá a padà kí wọ́n gba ti ọlọ́wọ́ òsì. Bí ẹ bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ẹ sọ ọ́ kí olùtajà tó ṣí páálí. Gbogbo ibi tí mo bá ti sọ ọ̀tún nípa ibi tí ojú wà àti bí a ṣe ń yí ìbọn, ẹ kà á sí òsì, kí ẹ sì ka òsì sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń yí síkúrù àti igi ojú iwájú kò yí padà.

Mímú ojú bá ọta mu

Ẹ kọ́kọ́ mú awò bá ọta mu. Ìgbà tí ẹ bá mọ̀ pé ìbọn àti ọta yín ń kó ihò jọ sójú kan lẹ tó lè dá ojú ẹ̀gbẹ́ lẹ́bi.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù nìyí: èèyàn á gbé ìbọn sórí àpò iyanrìn ní ìdúró ṣánṣán, á wá tẹ orí ara rẹ̀ láti fi wo ojú ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbọn lẹ ó yí, kì í ṣe orí. Ẹ gbé ìdìmú iwájú sórí àpò, ẹ yí ìbọn títí igi ojú iwájú yóò fi dúró ṣánṣán lójú yín, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín sì wà níbi tó máa ń wà. Bí ẹ ṣe fẹ́ yìn ín lórí ìdúró gan-an ni kí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ìdágẹ̀rẹ̀ kan tí ẹ sì fi òmíràn yìn ín, ọta á máa sá sí ẹ̀gbẹ́, ẹ kò sì ní mọ ohun tó fà á.

Bébà ni kí ẹ lò ní yáàdì 25, ẹ má lo irin. Ọta ráífù tó bá kan irin tó súnmọ́ a máa fọ́ padà wá sára ẹni. Ẹ yìn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú sùúrù, ẹ má tún nǹkan kan ṣe láàárín wọn. Àárín ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ó wò. Ihò kan ṣoṣo lè jẹ́ àṣìṣe ọwọ́.

Ojú ẹ̀yìn a máa bá yín lọ, ojú iwájú a máa takò yín. Bí ọta bá bọ́ sí òsì tí ẹ fẹ́ kí ó wá sí ọ̀tún, ẹ sún ojú ẹ̀yìn sí ọ̀tún. Bí ọta bá bọ́ sísàlẹ̀ tí ẹ fẹ́ kí ó gòkè, ẹ rẹ igi ojú iwájú sílẹ̀. Lórí irú ojú tó wọ́pọ̀ lórí AR-15, bí ẹ bá yí igi náà sí apá ọ̀tún bí ẹni ń de síkúrù, á wọlẹ̀, ọta á sì gòkè. Òkè àti ìsàlẹ̀ tí mo ń sọ ni ti ojú náà nígbà tí ìbọn ti yí. Ẹ má jẹ́ kí awò tó dẹ̀gbẹ́ sí òsì da èrò yín rú. Ẹ ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Àṣìṣe ìǹṣì 1 ní yáàdì 25 á di 2 ní 50, á sì di 4 ní 100. Èmi mú tèmi bá ọta mu ní yáàdì 50, nítorí iṣẹ́ tòsí ni mo ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ ṣe. Ìǹṣì 2 lé díẹ̀ ni ojú náà fi ga ju àárín ọ̀pá ìbọn mi lọ, nítorí náà ní 25 mo fẹ́ kí ihò wà ní nǹkan bí ìǹṣì 1 sísàlẹ̀ ibi tí mo fojú sun. Ní 50, ó bọ́ síbi tí mo fojú sun gan-an.

Nígbà tí ẹ bá parí ní 50, ẹ má tíì palẹ̀ mọ́. Ẹ rìn súnmọ́ bébà títí dé yáàdì 5, ẹ fojú sun àmì kékeré kan, ẹ yìn. Ọta mi máa ń wọ ìǹṣì 2 sísàlẹ̀ níbẹ̀. Kò tíì sí àyè fún ọta láti gòkè dé ìlà ojú, nítorí pé ojú ló ga ju ẹnu ìbọn lọ. Lórí bébà tó ṣófo, kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí bébà funfun bá bo ìdajì rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tó jẹ́ orí nìkan ló kù, ẹni tó fojú sun àárín orí lè fi ọta lu ohun tí kò yẹ kó lù. Ẹ kọ ìwọ̀n tiyín fún yáàdì 5, 10, 25, 50 àti 100 sórí bébà kékeré, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìbọn.

Ìdánrawò

Ilé lẹ ti ń kọ́ ọ, pẹ̀lú ìbọn tó ṣófo, kí ọta sì wà ní yàrá mìíràn. Ẹ fi ìka sí ìta tírígà. Ẹ wo igun ògiri kan nínú awò, ẹ wá yí ìbọn títí ojú ẹ̀gbẹ́ yóò fi bọ́ sórí igun náà, bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn. Ìdí ìbọn kò gbọdọ̀ kúrò ní èjìká, orí kò gbọdọ̀ gbéra. Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún á gòkè díẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gòkè. Ìṣẹ́jú 10 lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tó kí ọwọ́ máa dá a ṣe. Lẹ́yìn náà, ní pápá, ẹ fi bébà kan sí yáàdì 100 àti òmíràn sí 7, kí ẹ lo awò fún ti ọ̀nà jíjìn, kí ẹ yí sí ti tòsí.

Bí ẹ bá ń yìn láti ẹ̀yìn pátákó ìsápamọ́, ẹ rántí pé bí orí ìbọn ṣe ń lọ sí òsì ni mágásíìnì ń yọ sí ọ̀tún. Bí ẹ bá yọ jáde ní ẹ̀gbẹ́ òsì pátákó náà, mágásíìnì á gbá a, ojú á sì kúrò lórí bébà. Ẹ fa ara sẹ́yìn díẹ̀ kí àyè wà fún un. Ẹ sì wo ẹnu ìbọn gan-an, nítorí pé ojú lè ti kọjá etí pátákó nígbà tí ẹnu ìbọn ṣì ń kọ ojú sí igi.

Ọjọ́ tí ẹ bá tú ìdìmú iwájú láti fọ ìbọn, tàbí tí ìbọn bá ṣubú, tàbí tí ìlà kútẹ́ẹ̀sì bá já, ẹ mú bébà tuntun, kí ẹ padà sí yáàdì 25.